Ìjàpá Gbalé l'Ékòó

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá gbírígbírí, ó dá gbàràgbàrà, kò dá lé orí ẹlòmíràn bí kò ṣe Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, lọ́jọ́ tó ní òun ń kó lọ sí Èkó.

Kí ó tó lọ, ó fọ́nnu fún gbogbo ẹranko. Ó ní ilé gbígbà ló ń wó àwọn tó ṣáájú òun lọ lápò. "Èmi ńkọ́? Ilé mi ń bẹ lẹ́yìn mi. Bí mo bá ti jókòó báyìí, mo ti wọlé nìyẹn." Yánníbo kó owó àjọ rẹ̀ fún un, ó ní kó máa fi jẹun títí tí yóò fi ríṣẹ́.

Ọjọ́ta ni ọkọ̀ já a sí, láàárín eruku àti igbe àwọn oníbọ́ọ̀sì. Kò tíì nasẹ̀ tán tí Ọ̀bọ ajẹ́ńtì fi yọ sí i, fáìlì ní abíyá, bírò létí. Ọ̀bọ yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi èékánná kan karawun rẹ̀: kó, kó, kó.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé yìí dáa o. Ibo lẹ fẹ́ gbé e kà?"

"Ilẹ̀ ni, àbúrò."

"Ilẹ̀ ta?"

Ìjàpá ò rí èsì fọ̀.

Bó ṣe bá ara rẹ̀ ní Múṣin nìyẹn, nílé Erin: yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn, balùwẹ̀ kan, ṣáláńgá kan, korobá ti tò lẹ́nu ọ̀nà láti aago mẹ́rin ìdájí. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n fi han Ìjàpá. Ọ̀bọ ṣírò: owó ọdún méjì, ti àgíríìmẹ́ńtì, ti kọmíṣọ̀n, àti owó tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́.

"Àbúrò, kí ló lè bàjẹ́ lábẹ́ àtẹ̀gùn?"

"Àtẹ̀gùn ọ̀hún ńkọ́?"

Ìjàpá ní òun gbọ́ pé ìjọba Èkó ṣòfin lọ́dún 2011, pé onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín títí ìrù rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

"Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n Aláùsá ni òfin ń gbé. Múṣin lẹ̀yin fẹ́ gbé."

Owó Yánníbo tán síbẹ̀. Lóru, tí ẹ̀fọn gba imú dé etí, Ìjàpá forin sẹ́nu:

Ọ̀bọ, yọjú sí mi o,
*Ta ló nilé?*
Mo sanwó ọdún méjì,
*Ta ló nilé?*
Mo san tàgíríìmẹ́ńtì,
*Ta ló nilé?*
Ilé mi ń bẹ lẹ́yìn mi,
*Ta ló nilé?*

Ilẹ̀ mọ́, Ìjàpá ò wáṣẹ́ lọ. Bírò ló rà, ó fi í sétí, ó di Ọjọ́ta. Òkété sọ̀ láti Ọ̀yọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ dé láti Ìkirè, Alángbá gbẹ́rù láti Ìláròó. Ìjàpá yọ̀ mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ìyá: "Ará òkè, ẹ káàbọ̀. Ẹ ṣọ́ra o, jìbìtì pọ̀ níbí!" Ó mú wọn lọ sí kọ̀rọ̀, ó bọ́ karawun sílẹ̀, ó ní kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò. "Òrùlé rẹ̀ kì í jò. Ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa gbé e. Onílé ò sì gbé inú ọgbà."

Onílé ò gbé inú ọgbà! Ọ̀rọ̀ yìí ló pa wọ́n. Oníkálùkù san ọdún méjì. Ìjàpá ní kí wọ́n kó wọlé ní Sátidé, òun alára sì ti pinnu láti forí lé Badagry ní Fúráìdé.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò mọ ọlọ́gbọ́n. Ọkọ̀ dúró gbagidi. Ìjàpá bínú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn, ó ń ya dánfó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, Máìlì Tuú ni ilẹ̀ Sátidé mọ́ ọn sí. Ibẹ̀ ni Òkété ti ká a mọ́, ẹní lórí.

"Ilé mi rèé!"

"Ilé ta?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí lẹ́yìn rẹ̀, òun náà gbé àdògán dání. Alángbá ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń mi orí. Ìjàpá fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n sanwó rẹ̀ ló gbé pọ̀n. Ibi tó bá sá dé, wọ́n ti délé. Ló bá fa orí wọlé, ó fa ẹsẹ̀ wọlé. Wọ́n kan karawun, kó, kó, kó, wọ́n ń kọrin:

Ìjàpá, yọjú sí wa o,
*Ta ló nilé?*
A sanwó ọdún méjì,
*Ta ló nilé?*
A san tàgíríìmẹ́ńtì,
*Ta ló nilé?*
Ilé wa ń bẹ lẹ́yìn rẹ,
*Ta ló nilé?*

Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti ń fa orí wọlé bí wọ́n bá ti kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣe bí ayálégbé ló dé. Ọ̀bọ ńkọ́? Ó wà l'Ọ́jọ́ta, bírò létí, ojú rẹ̀ ń bẹ lọ́nà òkè.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹni tí Èkó fi ìyà kí káàbọ̀, kó má fi ìyà ọ̀hún kí àlejò ẹ̀yìn rẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró.

Pó, pó, pó!

Ìjàpá, yọrí o jàre. Wọn ò kanlẹ̀kùn.