Lórí Oríkèé Kádáǹ Tó Ti Jẹ: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Ọ́n àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe ní Parakou

1. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì

Ojú irin tó kúrò ní Kútọnu rin kìlómítà 438, ó sì parí sí Parakou. Èrò àwọn tó là á ni pé yóò dé orílẹ̀-èdè Niger, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀ títí di òní. Nígbà tí wọ́n dá àjọ OCBN sílẹ̀ lọ́dún 1959 láti bójú tó ìrìnnà láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Niger, ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn: ibi tí rélùwéè bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò gbà á. Láti Parakou dé Malanville lé ní 300 kìlómítà, kí ọkọ̀ tó kan odò Ọya. Ọ̀nà kan náà ni òwú Banikoara àti ti Kandi ń bá bọ̀.

Gbogbo ẹrù wọ̀nyí ló gbọ́kàn lé irin kékeré kan lábẹ́ ọkọ̀, ìyẹn oríkèé kádáǹ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níbí ni pé oríkèé kì í déédéé jẹ. Ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ láì wádìí ohun tó jẹ ẹ́, òmíràn ló tún ń múra àtirà.

2. Ohun tí oríkèé jẹ́

Jíábọ́ọ̀sì kì í kúrò níbi tí wọ́n dè é mọ́. Dífù ní tirẹ̀ ń fò sókè, ó ń sọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọ̀pá kádáǹ ló so àwọn méjèèjì pọ̀, oríkèé sì ni kò jẹ́ kí ọ̀pá náà ṣẹ́. Irin àgbélébùú kan wà láàárín àmúga méjì. Apá mẹ́rin ni àgbélébùú náà ní, ife irin kan sì bo orí apá kọ̀ọ̀kan. Nínú ife ni abẹ́rẹ́ bẹ́rìn tò sí yí apá ká, tí girísì sì bò wọ́n.

Robert Hooke ará Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàlàyé irú oríkèé yìí ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Clarence Spicer ará Amẹ́ríkà ló gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1903 lórí èyí tó ní ìbòrí, kí girísì má baà dànù, kí erùpẹ̀ má sì wọlé.

Oríkèé kan ṣoṣo kì í gbé ìyí lọ bákan náà. Bí ọ̀pá tó ń wọlé bá ń yí ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí oríkèé sì tẹ̀ ní digírì 20, èyí tó ń jáde yóò yára dé 1,596, yóò tún falẹ̀ dé 1,410, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyí kọ̀ọ̀kan. Oríkèé kejì ló ń pa àṣìṣe ti àkọ́kọ́ rẹ́, bí àmúga tó wà ní orí méjèèjì ọ̀pá bá kọjú síbì kan náà, tí títẹ̀ wọn sì dọ́gba. Ẹni tó bá so ọ̀pá padà láì ka èyí sí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá gbígbọ̀n sílẹ̀.

3. Ìpín àmì

Àmì mẹ́rin ni a yà sọ́tọ̀. Èkíní ni híhan wín-ín wín-ín nígbà tí ọkọ̀ ń rọra lọ, tó ń yára bí ọkọ̀ ṣe ń yára: girísì ti tán nínú ife. Èkejì ni gbà! lẹ́ẹ̀kan, bí awakọ̀ bá ki jíà tàbí tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná: àlàfo ti wà. Ẹ̀kẹta ni gbígbọ̀n tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dé ìwọ̀n eré kan.

Ẹ̀kẹrin kò ní ohùn, òun ni wọ́n sì ń fojú fò jù ní Parakou. Lẹ́búlẹ́bú pupa ni, ìpẹtà tó ń jáde létí ife. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, eruku ọ̀nà sì máa ń bo gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ fi àkísà tó ní dísù díẹ̀ nu ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́, kí ọkọ̀ rin ìrìn kan, kí ẹ sì tún wò ó. Eruku ọ̀nà á bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà. Ìpẹtà á yọ létí ife tó ń ṣàìsàn nìkan.

4. Ìlànà ìwádìí

Ẹ kọ́kọ́ fi igi dè táyà níwájú àti lẹ́yìn. Búréèkì ọwọ́ àwọn ọkọ̀ kan, ọ̀pá kádáǹ ló dì mú. Bí ẹ bá tú ọ̀pá, ẹ ti tú búréèkì nìyẹn, ọkọ̀ sì lè gun ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ẹ yọ jíà. Ẹ fi ọwọ́ kan di àmúga mú, ẹ fi èkejì yí ọ̀pá síwá sẹ́yìn, kí ẹ sì fi irin gbé e sókè. Bí àgbélébùú bá mì nínú ife, ẹjọ́ oríkèé ni. Bí oríkèé bá dúró ṣinṣin tí ìró sì ń jáde láti inú dífù, tàbí láti ibi tí ọ̀pá ti ń wọnú ara rẹ̀, tàbí láti ara bóòtù tó ti dẹ̀, ẹ má ra àgbélébùú.

5. Àtúnṣe

Ẹ fi ọ̀dà sàmì sára ọ̀pá àti àmúga kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ẹ yọ òrùka ìdènà tó di ife mú, kí ẹ fi fáìsì ti ife jáde. Ẹ má fi òòlù lu ara ọ̀pá, nítorí ibi tó bá tẹ̀ níbẹ̀ á di gbígbọ̀n.

Ẹ wá ka àgbélébùú àtijọ́. Bí ìlà bá tò sára apá rẹ̀ bí eyín ìyarun, abẹ́rẹ́ ló tẹ̀ ẹ́: ẹrù pọ̀ jù, tàbí awakọ̀ ń já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti di búlúù, ooru àìrígirísì ni. Bí apá kan ṣoṣo bá jẹ, girísì kò dé ibẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ẹ fi girísì lẹ abẹ́rẹ́ mọ́ ara ife. Bí ẹyọ kan bá ṣubú sí ìsàlẹ̀ ife, òrùka kò ní wọlé tán. Ẹ má fipá mú un, ẹ yọ ife padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní girísì títí yóò fi yọ lẹ́nu ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta kò tó.

6. Ohun tó ń jẹ oríkèé

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí agbára ìyí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ 1,500 newton-mítà, tí jíà kìn-ín-ní sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, 15,000 ló ń bá oríkèé. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni ẹ́ńjìnnì á ṣe fún un ní agbára yìí pẹ́ tó kí táyà tó yí. Lọ́dún 2005 ni UEMOA, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣe òfin ìwọ̀n ẹrù fún àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀. Títì ni wọ́n fi dáàbò bò, ṣùgbọ́n ó ń dáàbò bo oríkèé pẹ̀lú.

Àbá wa kò pọ̀. Kí àwọn olówó ọkọ̀ ra ìbọn girísì fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa lò ó léraléra nígbà ọyẹ́, tí eruku bá ń fẹ́. Kí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì sì má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ ju àgbélébùú àtijọ́ nù títí yóò fi sọ ohun tó pa á.