Ikùn Ló Ń Mú Ojú Wo Àwòrán

Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà sójú títì ní Ann Arbor, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Bí oṣù Keje bá ti dé, wọ́n á dí títì, àwọn ayàwòrán àti amọ̀kòkò á pa àgọ́ sí i. Títì dídí kò jọ àwa ọmọ Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó lójú. Ojoojúmọ́ là ń dí i ní Ìkọ̀tún, a kì í sì í kọ̀wé gbàṣẹ.

Ìdákẹ́jẹ́ wọn ló ń bà wá lẹ́rù. Òyìnbó á káwọ́ sẹ́yìn, á dúró ti àwòrán igi kan bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá á wo igi náà lẹ́ẹ̀kan, á wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì: "Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là! Ṣé igi yìí ń so ni?" Ẹ bi ayàwòrán pé èló ni jálẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á kọjú sí ẹlòmíràn.

Ìdí oúnjẹ la ti ń bá ara wa pàdé. Corn dog ń jẹ́ ajá, ó wọ aṣọ àgbàdo, sọ́séèjì ló sì wà níkùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní funnel cake, ìyẹ̀fun pípò ni wọ́n dà wálawàla sínú òróró gbígbóná, tí wọ́n wá bu ṣúgà lé lórí. Ẹni tó bá jẹ púfpúfù dàgbà ní Ẹ̀gbẹ́dá á dá ẹbí rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀: púfpúfù tó gba físà, tó dókè òkun, tó wá rù. Kò sì sí ènì.

Nínú oṣù Keje kan náà, àgbàdo sísè àti àgbọn ń dúró dè yín létí títì ní Ìgándò, bọ̀ọ̀lì ń gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ti ń jẹun, àwòrán ń kọjá: dáńfó aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n kọ "Sùúrù lérè" sí lẹ́yìn, tí awakọ̀ rẹ̀ sì ń fi ìkánjú sá gba ọ̀nà ọlọ́nà. Pátákó onígbàjámọ̀ nìyẹn, pẹ̀lú àwọn orí dídán tí onígbàjámọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò lè gẹ̀. Ọ̀fẹ́ là ń wò ó, a ò sì kà á sí iṣẹ́ ọnà.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó lórúkọ, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ART X Lagos ti ń wáyé ní Victoria Island láti ọdún 2016. Àmọ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó jẹ́ kí ará Ìgándò débẹ̀, Gálà tó jẹ lọ́nà á ti gbé owó àwòrán lọ.

Ẹ jẹ́ kí ìpàtẹ tiwa náà wà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Èrò kọ́ la máa wá tì: ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka 1,277,714 ènìyàn ní Alímọ̀ṣọ́. Kí wọ́n ṣáà fi mọ́là onísúyà sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n gbé àwòrán kọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń dúró de súyà kò ní ibòmíràn tó máa wò. Kí ayàwòrán sì tètè bù lé iye tó máa pè, torí a máa ná an.