Ìbọn Gé Ọmọ Ọdẹ Jẹ

Ọmọ ọdẹ ni mí. Gbólóhùn kékeré yìí ló kó mi sí wàhálà. Bàbá bàbá mi fi ṣakabùlà pa àgbọ̀nrín; èmi kò pa èkúté rí. Síbẹ̀, bí a bá ti pàdé níbi ìkómọjáde ní Naperville, ìlú kan ní Illinois, Amẹ́ríkà, tí àmàlà dé, oríkì ọdẹ a máa gùn mí. Níbi ọ̀kan nínú wọn lọ́dún 2023 ni mo ti dìde, mo ní n óò ra ìbọn gidi, ẹran ìgbẹ́ ni a ó sì jẹ níbi àríyá tó ń bọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìbọn wo ni kí n wá rà? Mo fẹ́ èyí tó ń ki ara rẹ̀: o fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta kan jáde, òmíràn bọ́ sípò. Mo tún fẹ́ kí ọta rẹ̀ lágbára. FAL, ìbọn àwọn ará Belgium, ni ọkàn mi lọ sí, torí òun ni mo bá lọ́wọ́ sójà nílé ní Nàìjíríà. DICON, iléeṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Kaduna lọ́dún 1964, tiẹ̀ ti ṣe é rí. Kóròfo ọta rẹ̀ gùn ní mílímítà 51, ti AK-47 kò ju 39 lọ. Mo rò pé ìmọ̀ yẹn ti tó.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo ṣàlàyé fún ọmọkùnrin tó ń tajà pé mo mọ FAL dáadáa, òun ni mo sì fẹ́ rà. Ó gbọ́ mi dópin, ó wá béèrè káàdì FOID. Mo fún un ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Ó ní ìyẹn gbà mí láyè láti wakọ̀ padà sílé. Ní Illinois, káàdì tí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ń fúnni ni à ń fi ní ìbọn. Dọ́là 10 ni, ó sì ń lo ọdún 10.

Ó fi kún un pé FAL ti di èèwọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa èèyàn 7 níbi ayẹyẹ òmìnira ní Highland Park, ní Illinois kan náà, lọ́dún 2022, Naperville fòfin de títa irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kìíní, ọdún 2023, Gómìnà Pritzker fọwọ́ sí òfin tó kan gbogbo Illinois. FAL ní ilé ọta tó ṣeé yọ, ó tún ní èèkù bíi ti ìbọn ìléwọ́. Méjèèjì pọ̀ ló kó bá a. Robert Bevis, tó ń ta ìbọn ní Naperville, ti gbé ìlú lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Gbogbo Amẹ́ríkà ló ń sọ̀rọ̀ ẹjọ́ ìlú mi. Èmi nìkan ni kò gbọ́.

Mo gba káàdì, mo yíjú sí M1 Garand, tí Amẹ́ríkà gbé lé àwọn sójà wọn lọ́wọ́ lọ́dún 1936. Ọta 8 ló ń gbà, ilé ọta rẹ̀ kò ṣeé yọ, nítorí náà òfin kò dè é. Bàbá àgbà kan ní pápá ìyìnbọn ní kí n dán tirẹ̀ wò kí n tó náwó. Mo yọ ọta .30-06 tí mo rà síta, èyí tó wúwo jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó já a gbà. Atẹ́gùn gbígbóná láti inú ọta ló ń ti ọ̀pá kan sẹ́yìn kí ìbọn náà lè ki ara rẹ̀. Ọta ọdẹ òde òní tó wúwo jù lè tẹ ọ̀pá náà.

Ó fún mi ní tirẹ̀, ó ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ dá irin tó ń pa dé dúró sẹ́yìn bí mo bá ń ki ọta bọ̀ ọ́. Èmi ọmọ ọdẹ? Mo fi àtàǹpàkò tì í wọlé. Irin náà pa dé gbàgà bí ilẹ̀kùn dánfó. Ìpalára yìí wọ́pọ̀ débi pé ó lórúkọ láàárín àwọn tó ń lo Garand. Mo fi ìka wíwú yìn ín, ó ń ta mí nípàá léjìká. Lẹ́yìn ọta kẹjọ, irin tó so ọta pọ̀ fò jáde, ó dún gbàn-ìn. Mo rò pé ìbọn ti bú; mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá náà béèrè ẹni tí mò ń kí.

“Bàbá Ìbejì, àgbọ̀nrín dà?” ni ìyàwó mi wí nígbà tí mo délé. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ ka òfin ọdẹ. Ní DuPage, níbi tí apá tó pọ̀ jù ní Naperville wà, a kì í fi ìbọn pa àgbọ̀nrín rárá. Níbòmíràn ní Illinois, bó bá jẹ́ ráífù, èyí tó ń gba ọta kan ṣoṣo ni wọ́n fàyè gbà láti 2023. Ráífù tó ń ki ara rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Garand ṣeé gbára lé. Èmi ni kò ṣeé gbára lé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ìbọn, ẹ ka òfin ìpínlẹ̀ yín, ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe, kí ẹ tó béèrè èyí tó dára jù. Ẹ sì gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ì báà jẹ́ pé gbogbo ìdílé yín ló ń ṣọdẹ.