Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀

Ẹni tí ọkọ̀ kò bá tíì dákú mọ́ lọ́wọ́ rí láàrin Ọ̀rẹ̀ àti àwọn ìletò tó wà nínú igbó ní gúúsù rẹ̀ lè máà mọ ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá ti dúró gbagidi lójú ọ̀nà Èkó sí Bìní lẹ́ẹ̀kan péré ti bá a pàdé, ó ti sanwó fún un, ó sì ti bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Ríwáyà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀ ni àwọn oníbàárà ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé láti ọjọ́ tí ó ti ṣe fírídọ́ọ̀mù, kò sí ẹni tí ó gbọ́ "n kò mọ̀" lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọ̀gá Mo-ti-mọ̀, ọkọ tẹ́sítà, agéwáyà-má-wẹ̀yìn, atú-dáṣíbọ́ọ̀dù-palẹ̀ kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó lé iná kúrò nínú họ́ọ̀nù tí ó kó o sínú waipá!

Ìletò Agbabu ni wọ́n pè é sí ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ní ilé alàgbà kan tí ń ra kòkó, tí ó sì ní ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kan. Bí alàgbà bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì a yí, a sì kọ̀ láti gbiná, iná pupa kékeré kan tí wọ́n ya ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ sí a sì máa ṣẹ́jú wàì wàì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì ìletò ti ní kí wọ́n ra bátìrì, wọ́n rà á. Ó ní kí wọ́n ra pọ́ńpù epo, wọ́n tún rà á. Ọ̀gá kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tán tí ó fi béèrè ìbéèrè tí gbogbo àwọn ríwáyà fi ń ṣí ìsìn: "Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí ṣíwájú mi?" Kò sí èsì tí a lè fún un tí kò ní dùn mọ́ ọn, nítorí bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kàn án, ẹni náà ló bà á jẹ́, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì fọwọ́ kàn án, àìtètè pe òun ló bà á jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ṣe ọkọ̀ náà kò pamọ́. Nínú orí irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ni ṣíìpù kan wà tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, tí kò lo bátìrì rárá, nítorí bátìrì tó wà nínú rìmóòtù, ilẹ̀kùn ni ó wà fún. Òrùka wáyà tí ó yí ihò kọ́kọ́rọ́ ká ni ń fún ṣíìpù náà lágbára, òun a sì dárúkọ ara rẹ̀ fún bréènì-bọ́ọ̀sì. Bí bréènì-bọ́ọ̀sì kò bá gbọ́ orúkọ tí ó mọ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́. Ìmóbíláísà ni wọ́n ń pè é, nítorí olè sì ni òfin ṣe mú un ní dandan fún ọkọ̀ tuntun ní Bìrìtéènì láti 1998. Kí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà tó tú àṣírí irú ṣíìpù kan ní 2005, wọ́n ní láti to ẹ̀rọ aṣèṣirò 16 pọ̀. Ọ̀gá tiwa ní sukudiráfà kan àti ìgboyà. Kọ́kọ́rọ́ alàgbà ti já bọ́ lórí òkúta létí odò Olúwa, ṣíìpù inú rẹ̀ sì ti là. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tí kò béèrè?

Ọ̀gá fa imú, ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti mọ̀. Ọ̀dà inú ilẹ̀ yín yìí ni. Ooru rẹ̀ ló ti wọ bréènì-bọ́ọ̀sì." Òótọ́ ni pé kànga tí ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́, kí ogun àgbáyé 1914 tó dá iṣẹ́ wọn dúró, ṣì wà ní Agbabu, tí ọ̀dà sì ń sun lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà, tí ìjọba lórí ìjọba ń ṣèlérí lé lórí, tí ọmọ Agbabu kò sì tíì rí nǹkan gidi kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ya ni lẹ́nu bí ó bá jẹ́ pé ara ọkọ̀ alàgbà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìjà tí Ọ̀gá bá wáyà jà ní ọ̀sán náà, ẹni tí ojú rẹ̀ tó ogun abẹ́lé 1967 yóò ní ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Ó ní òun ń ṣe báípáàsì. Nígbà tí ilẹ̀ fi ń ṣú, họ́ọ̀nù ti yadi, waipá ń nu gíláàsì gbígbẹ láìsinmi, fèrèsé ọ̀tún ti sọ̀ kalẹ̀ ó sì ti kọ̀ láti gòkè, iná pupa ṣì ń ṣẹ́jú. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ọ̀gá kì í béèrè, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti í lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú fóònù létí. Ó padà wá, ó ní òun ti ní kí ọmọ iṣẹ́ òun kan mú irinṣẹ́ wá láti Ọ̀rẹ̀.

"Ọmọ iṣẹ́" yìí kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Oníkọ́kọ́rọ́ ni, ó mú kọ́kọ́rọ́ tuntun àti ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárì dání, ó sì fi òwúrọ̀ ọjọ́ kejì so gbogbo ohun tí Ọ̀gá já. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kọ́kọ́rọ́ kejì wà? Bí mo bá kọ tuntun mọ́ ọn, èyí tí kò bá sí níbí, ọkọ̀ máa gbàgbé rẹ̀." Alàgbà ti la ẹnu láti sọ pé ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyàwó òun ní Èkó, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti dáhùn: "Mo ti mọ̀. Kò sí kejì. Máa bá iṣẹ́ lọ."

Ẹ́ńjìnnì gbiná. Ọ̀gá na ọwọ́ sókè sí àwọn èrò, ó gba owó, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn láti ka ìwọ̀n tí yóò fún oníkọ́kọ́rọ́. Nígbà tí oṣù parí, ìyàwó alàgbà ti Èkó dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kejì, èyí tí ì bá ti mú ọkọ̀ ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní láìná kọ́bọ̀. Ó kì í bọ ihò rẹ̀, ó yí i, iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Wọ́n tẹ Ọ̀gá láago. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tí ó ti pẹ́ ní Èkó ni kì í tètè bá afẹ́fẹ́ ìgbèríko mu, kí wọ́n fi owó ọ̀kadà ránṣẹ́, òun ń bọ̀ wá wò ó.