Ìdọ̀tí Àfowórà

Iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta tó so kọ́ra ni kíkun ọkọ̀ ojú irin kékeré: ọ̀dà ló ń ṣáájú, lẹ́tà àti nọ́ńbà ń tẹ̀ lé e, ìdọ̀tí ló sì ń kẹ́yìn. Àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ló ń ṣe é, nínú àjà ilé tàbí yàrá abẹ́ ilẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní eré ọmọdé. Láti ọdún 1934 ni ìwé ìròyìn wọn, Model Railroader, ti ń jáde. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Milwaukee, National Model Railroad Association. Ẹgbẹ́ náà ní ìdánwò. Máàkì 125 ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọkọ̀ tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, 25 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀dà àti lẹ́tà. Ẹni tó bá gba ìwé-ẹ̀rí méje nínú mọ́kànlá tó wà ti di ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Ìyá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tó bá gbọ́ lórí WhatsApp pé ọmọ òun gba ìwé-ẹ̀rí méje lókè òkun, aṣọ ẹbí ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wò. Àánú kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yára ṣàlàyé ìyókù fún un.

Bí ọkọ̀ náà ṣe kéré tó ló mú kí iṣẹ́ náà le. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ni HO: wọ́n pín ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 87, ìpín kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbé sórí tábìlì. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni OO, tí wọ́n pín sí ọ̀nà 76. Ojú irin tó fẹ̀ ní mìlímítà 16.5 ni méjèèjì ń rìn lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40 á di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 ní HO, lẹ́tà tó ga ní ínṣì mẹ́sàn-án kò sì ní ju mìlímítà 2.6 lọ mọ́. Bí ọ̀dà bá fi díẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo orí ìṣó wẹ́wẹ́ tó wà lára ọkọ̀ náà á rì sábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, wíwẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ike ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, ike sì máa ń gbé òróró fẹ́lẹ́ wá láti inú ẹ̀rọ tó dà á, òróró náà kì í jẹ́ kí ọ̀dà di ara mú. Ọṣẹ ìfọbọ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni wọ́n ń lò. Bó bá ti gbẹ, ìka lásán kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́. Bí ọ̀dà ilé iṣẹ́ bá wà lára rẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò fẹ́, inú sípíríìtì ni yóò sùn títí ọ̀dà náà yóò fi ṣí. Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú irú ọ̀gbẹ́ni bẹ́ẹ̀ lè bá a nídìí síǹkì lálẹ́ Sátidé: abọ́ tó fi jẹun láti Ọjọ́bọ̀ wà nílẹ̀ láìfọ̀, ọkọ̀ ojú irin ló ń fọ̀.

Púráímà aláwọ̀ eérú ló ń tẹ̀ lé ìwẹ̀, kí àwọ̀ tó ń bọ̀ lè rí ibi dì mú. Ìbọn ọ̀dà tí kò ju bírò lọ ni wọ́n fi ń fín in, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sì ń fún un ní afẹ́fẹ́ tó tó 15 sí 25 psi. Fọkanáísà tó bá rí géèjì náà á ní táyà ti jò. Wọ́n ń lú ọ̀dà títí yóò fi ṣàn bíi wàrà, wọ́n á fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á tún fín in, wọ́n á sì fi téèpù bo ibi tí àwọ̀ kejì kò gbọ́dọ̀ dé.

Kò sí ohun tuntun nínú gbogbo èyí fún àwọn tó ń kun mọ́tò ní ọgbà mẹkáníìkì ní Èkó àti Ìbàdàn. Àwọn náà mọ sáńpépà, wọ́n mọ púráímà, wọ́n mọ bí a ṣe ń fi téèpù àti ìwé ìròyìn àná bo gíláàsì. Ibi tí iṣẹ́ ń lọ ni ọ̀nà wọn ti yà. Tòkunbọ̀ tó ti rin ọ̀nà ayé já ni wọ́n ń wọ́ wá bá pẹ́ńtà mọ́tò nílé, tí wọ́n á ní kó dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé iṣẹ́, kí ará àdúgbò má sì mọ̀. Ti òkè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé iṣẹ́ ní tòótọ́, pálí rẹ̀ ṣì ń rùn bíi tuntun, ohun tí olówó rẹ̀ sì ń fẹ́ ni kó jọ ohun tó ti fi ogún ọdún jìyà.

Kí wọ́n tó dé ibi ìyà yẹn, ìjà àwọ̀ wà nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Pennsylvania kun ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó dúdú débi pé ẹni tí kò mọ̀ á búra pé dúdú ni, ọ̀rọ̀ náà sì lè da àgbàlagbà méjì tó ti ń bára wọn ṣọ̀rẹ́ láti kékeré rú. Àwọn kan ní àwọ̀ gidi gan-an ni kí wọ́n lò. Àwọn mìíràn ní ohun tó kéré gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ tó fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí ẹni ń wo ọkọ̀ gidi láti òkèèrè ni ẹni tó ń wò ó lórí tábìlì ṣe rí. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn tó sọ ti ìkẹyìn yìí. Nígbà tí wọ́n kéde lọ́dún 2013 pé wọn kò ní ṣe ọ̀dà Floquil mọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn gbẹ́kẹ̀ lé, àwọn kan kó ìgò rẹ̀ jọ bí ará ilé ṣe ń kó epo bẹntiróòlù jọ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé yóò wọ́n.

Sítíkà ló kàn. Orí bébà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Bí omi bá rin bébà náà, àwòrán fẹ́lẹ́ tó wà lórí rẹ̀ á yọ̀ kúrò, wọ́n á sì fi ẹ̀mú tì í sí ibi tó yẹ. Àṣírí iṣẹ́ náà wà nínú dídán. Ọ̀dà tí kò dán kì í tẹ́jú, ó ní kòtò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, afẹ́fẹ́ á sá pamọ́ sínú rẹ̀ lábẹ́ sítíkà, ibẹ̀ á sì máa kọ mànà bíi fàdákà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà dídán bo gbogbo ara ọkọ̀ ná. Oògùn olómi kan wà tó ń sọ sítíkà di rírọ̀ débi pé yóò gbá orí ìṣó mọ́ra bí ẹni pé ọ̀dà ni. Nígbà tí oògùn náà bá ń ṣiṣẹ́, sítíkà á ká jọ, á hunjọ, ẹni tí kò tíì ṣe é rí á sì fẹ́ fọwọ́ tẹ́ ẹ. Kó má fọwọ́ kàn án. Bó bá ti ń gbẹ, yóò tẹ́jú fúnra rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ ẹrù Amẹ́ríkà ní orúkọ ẹni tó ni ín ní ìkékúrú, nọ́ńbà, ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé, ìwọ̀n ara rẹ̀ lófìfo, àti oṣù tí wọ́n kàn án. Lọ́dún 1978, ìjọba ní kí wọ́n yẹ irú ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan tó ń fọ́ wò lábẹ́ àwọn ọkọ̀ ẹrù. Èyí tí kò ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba àmì róbótó aláwọ̀ yẹ́lò, èyí tó ní in gba funfun. Ẹni tó bá wá gbé ọkọ̀ ọdún 1980 kalẹ̀ láìsí àmì yẹn lára rẹ̀, wọn kò ní bú u, ṣùgbọ́n wọ́n á wò ó. Lẹ́tà ara bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ àkẹ́rù nílé kò ní wàhálà báyìí. Búrọ́ọ̀ṣì ni ẹni tó ń kọ ọ́ mú lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ni rúlà, àdúrà àti oríkì ìyá onímọ́tò ló ń kọ. Ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ náà lè gbé kì í sí níbẹ̀, àwọn elérò kò sì béèrè.

Bí sítíkà bá ti jókòó, wọ́n á tún bo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà tí kì í dán, ìdọ̀tí á sì bẹ̀rẹ̀. Ibí gan-an ni ọgbọ́n pọ̀ sí. Ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́ kí ìdọ̀tí gba iyì ni John Allen, ayafọ́tò kan ní Monterey, ní California. Ayé kékeré tó kọ́ sínú ilé rẹ̀, tó pè ní Gorre & Daphetid, kún fún ọkọ̀ gbígbó, ilé tó ń wó lọ àti irin tó ti dógùn-ún. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1973, kò sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí iná fi jó ilé ọ̀hún. Fọ́tò tó yà ni àwọn ènìyàn ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀.

Òfin àkọ́kọ́ ni pé ìdọ̀tí kì í ṣàdédé wá. Òjò máa ń ṣàn wálẹ̀, nítorí náà ìpẹtà kò gbọ́dọ̀ ṣàn gòkè. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń ta ẹrẹ̀ sókè, ìsàlẹ̀ àti ìpẹ̀kun ọkọ̀ ló sì ń gbà á. Èéfín ń bà lé òrùlé. Irin tí búrééki ń họ dànù máa ń sọ gbogbo abẹ́ ọkọ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ èédú ní ìdọ̀tí tirẹ̀: funfun tí omi fi sílẹ̀ níbi tó ti ń jò, òróró dúdú lẹ́bàá ẹsẹ̀, eérú níwájú. Ìtàn pàápàá ní ẹnu níbẹ̀. Ṣáájú ogun àgbáyé kejì, àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ fífi àkísà olóróró nu ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ èrò sì máa ń dán. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ ọdún 1968, tí British Rail dá ẹ́ńjìnnì eléèédú dúró lórí ojú irin ńlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń nù wọ́n mọ́. Ẹni tó bá ní ọdún 1968 lòun ń ṣe ti gba ìwé àṣẹ láti ṣe ọ̀bùn bó bá ṣe wù ú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ìdọ̀tí sí i pọ̀. Wọ́n lè po ọ̀dà dúdú díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀, kí wọ́n dà á sára ọkọ̀, kí wọ́n sì nù ún kúrò láti òkè wá sísàlẹ̀. Ohun tó bá kù nínú kọ̀rọ̀ ni ìdọ̀tí. Wọ́n lè rẹ́ ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ilẹ̀ di ẹ̀tù, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fín ọ̀dà adáàbòbò lé e, ìdajì rẹ̀ á pòórá lójú, nítorí náà kí wọ́n ti ṣe é kọjá ààlà ṣáájú. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti iyọ̀. Wọ́n á kun ọkọ̀ ní àwọ̀ ìpẹtà, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á fi iyọ̀ sí ojú ibi tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀dà ti bó, wọ́n á kun àwọ̀ gidi lé e lórí, bó bá gbẹ wọ́n á gbọn iyọ̀ náà dànù. Ibi tí iyọ̀ wà á wá dà bí ibi tí ọ̀dà ti ń bó láti ìgbà pípẹ́. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ń ta ọkọ̀ tó ti dọ̀tí láti inú pálí, owó rẹ̀ sì sábà máa ń fi díẹ̀ ju ti èyí tó mọ́ lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún ń ta sítíkà àwòkọ tí àwọn ọmọ ìgboro ń fi ọ̀dà agolo kọ sára ọkọ̀ ẹrù. Ará ilé tó ti kọ "Má ṣe tọ̀ síbí" sí ara ògiri rẹ̀ títí ọ̀dà fi tán lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní lóye ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa rà á.

Ọyẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nílé, kò sì gba kọ́bọ̀. Mọ́tò tó bá sun ìta ní Ìbàdàn láàárín oṣù kìíní, kílẹ̀ tó mọ́ eruku pupa á ti bò ó tán, ó pé, ó sì dọ́gba ju èyí tí ìbọn ọ̀dà lè ṣe lọ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá bá eruku yẹn níbẹ̀ ní aago méje kò ní gba máàkì kankan nínú 125. Ọkọ̀ tí àwọn ọmọ fi agolo sàdíìnì àti ìdérí ìgò ṣe pàápàá kò nílò iyọ̀: orí ààtàn ni wọ́n ti ṣa agolo náà, ìpẹtà ti wà lára rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó bá wọ ẹgbẹ́ náà lókè òkun, tó sì fẹ́ ṣe ọkọ̀ ilé rẹ̀, ní ìṣirò láti ṣe. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1901 fẹ̀ ní mìlímítà 1067. Tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021 fẹ̀ ní 1435. Bí ó bá ra ojú irin mìlímítà 16.5 tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ tuntun á bá a mu ní ìpín 87, ti àtijọ́ á sì bá a mu ní ìpín 64, bí àwọn kan ní South Africa àti New Zealand ṣe ń ṣe tiwọn. Kò lè kó méjèèjì sórí tábìlì kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ bí ẹ̀gbọ́n. Yóò fúnra rẹ̀ tẹ sítíkà, ibẹ̀ ni yóò sì ti mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé kì í ní yíǹkì funfun, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà funfun ló ń hàn lára ẹ́ńjìnnì dúdú. Ohun kan ṣoṣo tó ní lọ́wọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni pé ó ti rí erùpẹ̀ pupa Abẹ́òkúta lójú, kò nílò fọ́tò. Kó má sọ pé òun á bu díẹ̀ bọ̀ láti ilé o: àwọn aṣọ́bodè Bírítéènì àti ti Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí erùpẹ̀ òkèèrè wọlé láìsí ìwé àṣẹ. Àfi kó ra ìgò ẹ̀tù pupa bíi tàwọn tó kù.

Ibì kan ló kù tí ìdọ̀tí kò gbọ́dọ̀ dé, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń kan ojú irin. Ibẹ̀ ni iná mànàmáná ń gbà wọlé sínú mọ́tò ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀dà tàbí ẹ̀tù bá ta sí i, ọkọ̀ á máa dúró lójijì. Òwú tí wọ́n fi ń nu etí tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì ni wọ́n fi ń nù ún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á gbé ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó eruku bá wọnú àpótí onígíláàsì, wọ́n á sì tì í pa, kí eruku má bàa wọ̀ ọ́.