Ọ̀rọ̀ Àpótí Bàbá Onílé

Ẹ sún mọ́ mi, kí n má baà pariwo. Ẹnikẹ́ni tó bá bi yín, ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o. Ṣé ẹ mọ bí bàbá onílé ṣe máa ń fọ́nnu pé ìwé ilẹ̀ ilé yìí wà nínú àpótí òun? Wọ́n ti ṣí àpótí náà lójú mọ̀lẹ́bí. Ni òórùn bá gba gbogbo àgbàlá! Èmi kàn ń kọjá lọ ni, mo fẹ́ lọ tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ilé kejì. N kì í yọjú sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ìyàwó ilé kejì yẹn náà, tí iyọ̀ kì í tán nílé rẹ̀ tí ọbẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ́... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Rísíìtì ilẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n tú u báyìí, ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po ló kọ́kọ́ já, ìyókù ń rún wómúwómú lọ́wọ́ wọn. Bíbélì bàbá ti bu, nǹkan funfun ti hù bo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n bá àpá onígun mẹ́rin tó pọ́n rúsúrúsú lójú ìwé kan. Àgékù ìwé ìròyìn tí wọ́n fi kéde òkú ìyá bàbá ló ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ásíìdì inú rẹ̀ sì ti ràn mọ́ Bíbélì. Àbúrò bàbá ní, “Ayé ti wọ inú àpótí!”

Ayé kọ́ o. Ọmọ ilé wa kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ló là á yé mi. Láyé ọjọ́un, àkísà aṣọ làwọn òyìnbó fi ń ṣe ìwé, ìdí nìyẹn tí òmíràn tó ti lé ní 300 ọdún ṣì fi funfun. Ní nǹkan bí 1844 ni Friedrich Gottlob Keller, ará Jámánì, rí ọ̀nà àtilọ igi láti fi ṣe ìwé. Ìwé wá pọ̀, owó rẹ̀ wá wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú igi le ṣì wà nínú ìwé náà, bí oòrùn bá sì ti ń pa á, á máa pọ́n. Ẹ tún mọ álọ́ọ̀mù tí à ń fi sómi kànga kó lè tòrò? Wọ́n ń fi sínú ìwé náà, kí yíǹkì má baà fà. Bí ọ̀rinrin bá ti kàn án, á di ásíìdì, á wá máa gé fọ́nrán ìwé díẹ̀díẹ̀. Lójú omi, ọ̀rẹ́ ni. Nínú ìwé, ọ̀tá. Ó jọ ẹnì kan nílé yìí. N kò dárúkọ.

Nǹkan funfun tó hù bo ẹ̀yìn Bíbélì ńkọ́? Irúgbìn rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, ojú lásán kò rí i. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá 70 nínú 100, tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè fẹ́, á hù, á máa jẹ ìwé jẹ gọ́ọ̀mù. Kí omi wá rẹ ìwé gan-an, ìyẹn ló burú jù. Ní November 4, 1966, odò Arno ya wọ ìlú Florence ní Ítálì, ó rẹ ìwé tó lé ní mílíọ̀nù kan ní ilé ìkàwé ńlá wọn. Àwọn ọ̀dọ́ rọ́ dé láti ìlú òyìnbó gbogbo, wọ́n ń fa ìwé yọ nínú ẹrẹ̀. Ìwé tó bá rin gbingbin, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló máa bu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí omíyalé odò Ògùnpa n'Ìbàdàn ní 1980, ẹ mọ ohun tí mo ń wí.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí àpótí. Àfi bí ìyàwó kékeré bàbá onílé ṣe gbé aṣọ tútù, ó fẹ́ fi nu Bíbélì. Èmi tí n kò yọjú ni mo ké láti ojú fèrèsé pé, “Fi sílẹ̀! Ṣe lo máa fi kùn ún!” Àkọ́bí bàbá náà mú sẹ́lótéèpù dání fún rísíìtì. Gọ́ọ̀mù yẹn, bó bá pẹ́, inú ìwé ló ń wọ̀, á sì pọ́n. Ibòji ni kí ẹ gbé ìwé tó bu sí kó gbẹ. Ẹ bo imú, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n níta.

Ẹ̀yin náà, ẹ gbé ìwé ilẹ̀ yín kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri. Ẹ má dì í pa sínú ọ̀rá. Ẹ yọ àgékù ìwé ìròyìn kúrò nínú Bíbélì, kí ẹ sì fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ kí òjò tó dé.