Ọmọ Tó Gba 320, Ìpínlẹ̀ Wo Ni Bàbá Rẹ Ti Wá?

Ẹ kú oríire, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín gba 320 nínú 400 nínú ìdánwò JAMB. Ẹ ti pa adìẹ, ẹ ti gbé èsì náà sórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí, ìyá àgbà sì ti ń pè é ní Dókítà. Ẹ rọra. Ìdánwò tó ṣe yẹn, èyí tó rọrùn ni. Èyí tó le gan-an wà nínú fọ́ọ̀mù, kì í sì í ṣe òun ló máa dáhùn rẹ̀: ìpínlẹ̀ wo ni bàbá rẹ̀ ti wá?

Nínú èsì 1,955,069 tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde láti olú iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Bwari, l'Ábújá, lọ́dún 2025, àwọn 12,414 péré ló gba 300 sókè. Èèyàn á rò pé ṣe ni àwọn yunifásítì á máa sáré tẹ̀ lé wọn kiri. Ó tì o. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fi máàkì nìkan mú. Ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó múlé ti yunifásítì náà. Ìdá 20 tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba ní ẹ̀kọ́ wọn ṣì ń rákòrò.

Ẹ wo Òkukù àti Ọ̀ffà. Ojú irin kan náà ló gba ìlú méjèèjì kọjá. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣun ni Òkukù, Kwara ni Ọ̀ffà, Kwara sì wà lára àwọn tó ń rákòrò. Ẹ lọ sọ fún ará Ọ̀ffà, tí poli ìjọba àpapọ̀ wà nílùú wọn, pé ẹ̀kọ́ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, kẹ́ ẹ sì di bàtà yín le kẹ́ ẹ tó sọ ọ́.

Ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí Bwari ńkọ́, tó ti ń kọjá lẹ́nu géètì JAMB láti jẹ́lé-ó-sinmi, tó gbọ́ Hausa ju Èkìtì lọ? Fọ́ọ̀mù ní ará Èkìtì ni. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọmọ tó bá fẹ́ kàwé fara balẹ̀ yan bàbá kí wọ́n tó bí i.

Ìyẹn tí máàkì bá pé o. Lọ́dún 2018, wọ́n ní ejò gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì ní ọ́fíìsì JAMB ní Makurdi. Ní 2025, ejò sinmi, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní ibùdó 157 ni àṣìṣe ẹ̀rọ kàn, l'Ékòó àti ní gúúsù ìlà-oòrùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà JAMB, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Ẹ jẹ́ ká yìn ín. Nílẹ̀ wa, aráàlú nìkan ló sábà máa ń sunkún.

Mi ò ní kí wọ́n má fa ọmọ tó ń kàwé lábẹ́ igi lọ́wọ́ sókè. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ wo ló máa dìde pé, “Ẹ yọ orúkọ wa o, ẹ̀kọ́ wa ti ń rìn”? Gómìnà tó bá kọ́ ilé ìwé gidi ti fẹ́ ba ààyè àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Àbí ẹ ò rí i bí àwọn gómìnà wa ṣe ń ṣọ́ra?